Ẹsẹ̀ Atojúbọ̀ Lórí Òkè Llogara

Gbàù!

Gíláàsì àpótí góòlù fọ́ yángá sílẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni, ìgbà tí gbogbo ìlú Vlora ń sun oorun ọ̀sán, tí ajá àdúgbò pàápàá kì í dá sí ẹnikẹ́ni. Syrja, ọ̀gá ọlọ́ṣà tí wọ́n ń pè ní Ìkookò, ń da ẹ̀gbà ọrùn sínú àpò wàrà-wàrà, ìbọn lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ó ti ṣírò gbogbo ẹ̀ tán. Nënë Polikseni nìkan ni kò ṣírò.

Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù góòlù náà ni, 'ìyá' náà sì ni Nënë lédè wọn. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, oorun ọ̀sán kì í sì í kùn ún. Ó yọ lẹ́yìn kọ́tìnnì tòun ti ife kọfí, ó wo ìbọn, ó wo ẹni tó gbé e dání, ó wá béèrè bóyá ilé tí wọn kì í ti í kan ilẹ̀kùn ni wọ́n bí i sí.

Wíì-ò! Wíì-ò! Ọlọ́pàá ti ń bọ̀.

Syrja fa ìyá náà lápá, ó tì í sí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò dúdú tó ń dúró níta, òun náà fò sí ti iwájú.

Vrùùùm!

Ledion ló wà nídìí sítíárì. Ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún márùn-dínlọ́gbọ̀n ni, ó rí bọ̀rọ̀kìnní, ó sì fẹ́ràn ariwo ẹ́ńjìnnì ju oúnjẹ lọ. Mọ́tò ọtọmátíìkì láti Jámánì ni tirẹ̀, èyí tó ní ọwọ́ jíà kékeré méjì lẹ́yìn sítíárì: fa ti ọ̀tún, jíà á gòkè, fa ti òsì, jíà á wálẹ̀. Syrja ti so aáyù kan àti ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run mọ́ dígí iwájú. Ó ní mọ́tò tó bá gbé e kọ́, ọlọ́pàá kan ò ní fojú kan ìdí ẹ̀.

Ní Orikum, nísàlẹ̀ òkè, Zhaneta gbọ́ ìròyìn náà lórí rédíò. Ọ̀gá ọlọ́pàá ibẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n dárúkọ nọ́ńbà mọ́tò, ó fò dìde lórí àga. Ledion, ọmọ àǹtí rẹ̀, ló ni mọ́tò yẹn. Zhaneta gan-an ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà, nínú fọ́ọ̀gọ́ọ̀nù, bọ́ọ̀sì akérò àtijọ́ kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó kọ́ ọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní tí o bá fẹ́ já jíà sílẹ̀ lórí òkè, kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì níná díẹ̀, kí eré rẹ̀ lè bá ti táyà mu. Ẹni tó fẹ́ fò sínú ọkọ̀ tó ń lọ, ṣebí ó gbọ́dọ̀ sáré bá a mu ná? Bẹ́ẹ̀ náà ni.

Zhaneta fò sínú jíìpù ọlọ́pàá, Bardhosh, igbákejì rẹ̀, fò tẹ̀ lé e.

Mọ́tò dúdú kọjá lára wọn bí ìjì. Gbàù! Gbàù! Syrja yìnbọn látojú fèrèsé. Nínú igbó páìnì lókè, àwọn tó ń ta oyin lẹ́bàá títì ti sá fi tábìlì wọn sílẹ̀. Ó di bó ò lọ o yà fún mi.

Bardhosh yọ ìbọn, ó dojú rẹ̀ kọ táyà.

Zhaneta gbá ọwọ́ rẹ̀ sísàlẹ̀. "Ìyá arúgbó kan wà nínú ẹ̀. Táyà tí o bá yìn lókè yìí, òun lo yìn."

Wọ́n dé góńgó òkè. Títì náà wá ń wálẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ lọ sí òkun, àpáta lápá kan, òfìfo lápá kejì. Nísàlẹ̀, ní etíkun Palasa, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ń dúró de àwọn olè.

Nígbà náà ni Zhaneta gbọ́ ọ.

Vrùm-vrùm! Kọ́nà kìíní. Vrùm-vrùm! Kọ́nà kejì.

Ìró méjì ni. Ìró ẹ̀ẹ̀kan ló yẹ kó jẹ́, torí mọ́tò yẹn ń fún ara rẹ̀ níná tí jíà bá fẹ́ wálẹ̀. Ìró kejì, ẹsẹ̀ Ledion ni. Ó ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú fọ́ọ̀gọ́ọ̀nù. Níbi tó ti yẹ kí ẹ́ńjìnnì di ọkọ̀ mú, ẹsẹ̀ atojúbọ̀ ń tì í lọ síwájú, gbogbo ìyà náà sì ń bọ́ sórí bíréèkì. Èéfín ti ń yọ lára táyà.

"Ohun tí mo kọ́ ọ ló máa pa wọ́n," ni Zhaneta wí. Ó ní kí Bardhosh pe Ledion lórí fóònù.

Fóònù dún láti inú sípíkà mọ́tò dúdú, gbogbo wọn ló sì ń gbọ́ ọ.

"Àǹtí, ẹ padà sílé o," Ledion fi ẹ̀rín dáhùn. "Ẹ má jẹ́ n dójú tì yín."

Syrja ní kí Ledion bi ọlọ́pàá náà léèrè bóyá ó ti jẹun ọ̀sán.

"Ọmọ mi," Nënë Polikseni ké láti ẹ̀yìn, "nǹkan kan ń jóná níbí o, kì í sì í ṣe èmi ni mò ń dáná."

Àfi fììì! Bíréèkì wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ Ledion. Ó fa ọwọ́ jíà òsì. Pín! Mọ́tò kọ̀. Ó tún fà á. Pín! Eré ti pọ̀ jù, jíà ò ní wálẹ̀ kó wá fọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Àǹtí, kò gbọ́ mọ́. Kò gbọ́ tèmi mọ́."

"Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná."

"Mò ń fún un níná kó lè wọlé ni. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ́ mi."

"Ti fọ́ọ̀gọ́ọ̀nù nìyẹn," Zhaneta wí. "Gbàgbé ẹ̀. Eléyìí ń ṣe é fúnra ẹ̀."

Kọ́nà tó kàn ti ń yọ. Syrja di òrùlé mọ́tò mú.

"Àǹtí, ẹ gbà mí. Besa mi rèé: tí a bá balẹ̀, ìyá yìí á sọ̀kalẹ̀ láàyè."

Besa, ìlérí tí wọn kì í dà! Níbí, ẹni tó bá da irú ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn, ọmọ rẹ̀ ò ní lè gbórí sókè láàárín ìlú.

Zhaneta ní kó tẹ bíréèkì, kó tú u, kó tún tẹ̀ ẹ́. Kó máa wo abẹ́rẹ́ eré ẹ́ńjìnnì. Tí abẹ́rẹ́ bá ti bọ́ sábẹ́ nọ́ńbà márùn-ún, kó fa ọwọ́ jíà lẹ́ẹ̀kan péré, kó fi ìyókù sílẹ̀ fún mọ́tò.

Ó tẹ̀ ẹ́, ó tú u. Abẹ́rẹ́ ń mì. Ó fà á.

Vrùm!

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mọ́tò náà fà sẹ́yìn bí ìgbà tí wọ́n so okùn mọ́ ọn nídìí. Ó tún fà á. Vrùm! Krrrrr! Ara rẹ̀ ha àpáta, ó yí kọ́nà kọjá.

Báyìí ni wọ́n ṣe balẹ̀.

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Òkun rèé níwájú, ọkọ̀ ojú omi ti ń rú èéfín. Ledion fẹ́ dúró, ṣùgbọ́n Syrja ti yí sẹ́yìn, ó ti na ìbọn sí ìyá arúgbó.

"Wà á dé etí omi. Ìyá yìí ti rí ojú mi, kò ní padà sílé."

"Mo ti fún wọn ní besa, ọ̀gá."

"Besa tí èèyàn bá fún ọlọ́pàá, besa kọ́ nìyẹn."

"Mi ò fún ọlọ́pàá. Ẹbí mi ni mo fún."

Ledion wo dígí. Ó rọra ní kí Nënë di bẹ́líìtì mọ́ra.

"Láti Vlora ni mo ti dì í," ìyá náà dáhùn. "Ṣebí mò ń rí bí o ṣe ń wa ọkọ̀."

Ledion fi gbogbo ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ iná mọ́lẹ̀.

Vrùùùùm! Mọ́tò fò kúrò lórí títì, ó forí sọ òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ etíkun. Ṣàràràrà! Ó rì dé ikùn, ó dúró gbọin. Syrja tí kò de bẹ́líìtì fi ẹ̀yìn orí gbá gíláàsì iwájú. Aáyù já bọ́. Ìbọn bọ́ sẹ́sẹ̀ Nënë Polikseni, ó sì fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Tútútútú! Ọlọ́kọ̀ ojú omi ti sá lọ.

Bardhosh wọ́ Syrja jáde, ojú rẹ̀ ń ṣú. Àwọn ọlọ́pàá Himara, ìlú tó wà nítòsí, dé, wọ́n gbé e lọ.

Ledion ò sá. Ó jókòó, ọwọ́ méjèèjì lórí sítíárì, títí Zhaneta fi wá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Obìnrin náà ń sunkún, kò sì fi pamọ́. Nënë Polikseni ní òun á sọ ohun méjèèjì ní kóòtù: pé ó wa ọkọ̀ fún olè, àti pé ó gba òun là.

Wọ́n jọ padà gba orí òkè, Ledion àti ìyá arúgbó lẹ́yìn jíìpù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí jíà jíìpù náà. Ní gbogbo kọ́nà, Zhaneta á fún un níná díẹ̀ kó tó já jíà sílẹ̀, á sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Nënë Polikseni wo ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Ledion ń tẹ̀lé ti Zhaneta, ó ń tẹ iná tí kò sí níbẹ̀.

Ó gbé ọwọ́ lé e lórúnkún, ó ní kó sinmi, pé ẹlòmíì ló ń wa ọkọ̀ báyìí.