Ọwọ́ Tó Ń Kú Díẹ̀díẹ̀

"Ọ̀lẹ aláìnítìjú!"

Ọ̀rọ̀ náà ba Mashood létí bí pàṣán. Igbá tó ń fín ti já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti là sí méjì lórí sìmẹ́ńtì. Basit, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù igbá fínfín lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, dìde dúró, ojú rẹ̀ pọ́n kankan.

"Bọ̀dá, ọwọ́ mi ló ń kú. Àtàǹpàkò mi àti ìka méjì tó tẹ̀lé e, bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú wọn ni. N kì í mọ̀ ọ́n lára mọ́ pé mo mú ọ̀bẹ lọ́wọ́."

"Ọwọ́ ń kú kẹ̀! Iṣẹ́ ni o ò fẹ́ ṣe. Láti kékeré ni mo ti ń fín igbá, ṣé o gbọ́ ọ rí kí n ké?"

Mashood ṣa igbá tó là náà nílẹ̀. Ọdún 1988 ni, ó sì ti wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn níléèwé girama. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú ló ti ń fín igbá ní gbogbo ọ̀sán tó bá ti iléèwé dé. Èèkù ọ̀bẹ a máa tẹ ìdí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ a sì ká kò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sí ọmọṣẹ́ tó mọ igbá fín tó o. Ìdí nìyẹn tí "ọ̀lẹ" yẹn fi wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara.

"Màá fi hàn án," ló wí nínú ara rẹ̀. Ó ya àkísà, ó dì í mọ́ ọrùn ọwọ́ pinpin kí ọwọ́ má baà gbọ̀n, ó tún ọ̀bẹ mú. Nígbà tí Kúbúrátù, ìyá wọn, bi í pé kí ló ṣe ọwọ́ rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tó yá, bí èèrà ṣe ń rìn nínú ìka rẹ̀ dẹwọ́, Mashood sì rò pé ó ti ń san. Kò mọ̀ pé ọwọ́ tí kò ké mọ́ ni ọwọ́ tó ń lọ.

Lọ́jọ́ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, kò tíì kọ ojú ìwé kan tán tí báírò fi bọ́. Ó he é, ó tún bọ́. Ó fi ọwọ́ òsì di ìka mọ́ ọn, ohun tó kọ rí wúruwùru bí ẹsẹ̀ adìẹ. Nígbà tí wọ́n ń gba ìwé, kò tíì kọ ìdajì.

Láti ibẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ tààrà. Ó kó àwọn igbá tó ti fín, ó ń là wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ wá wo ọ̀lẹ yín!" ló kígbe mọ́ Basit. "Ẹ wá wò ó!"

Basit gbọ́wọ́ sókè láti gbá a létí, ni ìyá wọn, tó ti gbọ́ ariwo wọn, bá sáré wọlé, ó bọ́ sáàárín wọn.

"Ẹni tó bá na ọmọnìkejì rẹ̀ níbí lónìí, èmi ló nà! Mo ti rí i pé ọwọ́ ọmọ yìí ò dáa. Ẹ múra, ẹ̀yin méjèèjì. Ọsibítù Ògbómọ̀ṣọ́ là ń lọ."

Dókítà tó dá wọn lóhùn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Olúyẹ́misí, fi òwú kan ìka Mashood, kò mọ̀. Ó tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ọmọ náà fò sókè.

"Okùn ìmọ̀lára kan gba ihò tóóró kọjá níbí," ni dókítà wí. "Ó dà bíi wáyà iná, ohun kan wà tó bò ó lára bíi rọ́bà. Tí nǹkan bá ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè débẹ̀ dáadáa. Á máa wú, rọ́bà yẹn á máa fẹ́lẹ́, á máa ṣí. Tí a ò bá ṣíwọ́, okùn inú gan-an á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ẹran líle á sì hù yí i ká bí àpá."

"Ṣé á san?" Ohùn Mashood le.

"Tìẹ, ohun tó bò ó lára ló bàjẹ́ jù. Fi ọ̀bẹ sílẹ̀, kí o máa fi pátákó tí mo máa dì mọ́ ọn sùn, á tún padà bò ó. Àkísà tí o dì yẹn ló tún dá kún un."

Ó na ìgò oògùn sí Basit. Ìgò já bọ́ lọ́wọ́ Basit. Dókítà tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín, sà."

"Kò sí nǹkan tó ṣe é."

Ṣùgbọ́n ìyá wọn ti fà á síta. Ẹran tó yẹ kó ga nídìí àtàǹpàkò Basit ti gbẹ, ibẹ̀ ti jin kòtò. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

"Ó ti pẹ́," Basit fọhùn jẹ́jẹ́. "Ọ̀gá tèmi náà pè mí lọ́lẹ."

Ìbínú Mashood ò rọlẹ̀, ńṣe ló tún ru sókè. "Ẹ mọ̀! Ẹ mọ bó ṣe ń rí lára, ẹ sì bú mi!"

"Tí mo bá gbà pé ìwọ kì í ṣe ọ̀lẹ," ni Basit wí, "èmi ń kọ́? Nítorí kí ni mo ṣe fara dà á ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn?"

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Basit, wọ́n gé ohun tó ń fún okùn náà mọ́lẹ̀. Kíkú ọwọ́ dín kù, ṣùgbọ́n ẹran tó ti lọ ò padà wá, kò sì lè fín igbá mọ́. Ọwọ́ Mashood bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e ló tó tún ìdánwò náà ṣe, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti lọ. Ó pẹ́ gan-an kó tó lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹun nínú abọ́ kan náà.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ara bá ké, ẹ gbọ́ tirẹ̀, kí ẹ tètè sọ fún ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ má fi ìbínú dì í mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ìyà tí wọ́n fi jẹ yín kì í ṣe ogún tó yẹ kí ẹ pín fún àbúrò.