Ilẹ̀kùn Kò Wú, Ilẹ̀ Ló Ń Rìn

Ta ni kò mọ ilẹ̀kùn tó ń há nígbà òjò? Ẹ ó tì í, yóò kọ̀. Ẹ ó fi èjìká gbá a, yóò ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà.

Irú rẹ̀ wà nílé káfíńtà kan. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ télọ̀, yàrá ẹ̀yìn ló ti ń ránṣọ, ilẹ̀kùn yàrá yẹn ló sì máa ń há lọ́dọọdún. Káfíńtà á bọ́ ọ, á gbé e lé tábìlì, á fi ìfági fá a, á gbé e padà.

"Káfíńtà mi," ìyàwó rẹ̀ á ní, "ilẹ̀kùn gbogbo ayé ń ṣí, tiwa ń há. Àbí ẹ ti ta èyí tó dára?"

"Igi ni, Télọ̀. Igi tó bá mu omi á wú. Ṣé aṣọ tìrẹ kì í fún bó bá rí omi ni?"

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà, ariwo ayọ̀ ni bíríkìlà pa nínú kòtò ìpìlẹ̀. Yanrìn ló ń jáde, ó mọ́ bí iyọ̀, ìkarahun ìṣáwùrú sì wà nínú rẹ̀. "Ọ̀gá, ilẹ̀ yín ń bímọ yanrìn! A ò ní ra tọlọ́kọ̀ mọ́!" Òun náà ni wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ìṣáwùrú wo ló ń gbé orí ilẹ̀ gbígbẹ.

Káfíńtà ní àbúrò obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yàwòrán ilẹ̀. Ní Sátidé kan, òjò ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó wọlé pẹ̀lú ìwé tó ká sábẹ́ apá.

"Ẹ káàbọ̀, Eyínfúnjowó," télọ̀ kí i. "Ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn o, abẹ́rẹ́ mi ń wá ẹni tó máa gún!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbúrò tẹ́ ìwé náà.

"Bọ̀dá mi, ẹ wo àwòrán yìí. Sátẹ́láìtì ló yà á láti òkè lọ́hùn-ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo ilẹ̀ ló gbẹ, àfi ìlà kan tó lọ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò, tí koríko rẹ̀ ṣì tutù. Omi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Odò ń gba ibẹ̀ kọjá rí."

"Odò wo? Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé níbí, ẹja kan ò kí mi rí."

"Èmi náà ò gba àwòrán nìkan gbọ́. Mo lọ tú ìwé àtijọ́ wò. Àwọn oníṣòwò gẹdú kan kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, pé àwọn máa ń gba ẹ̀yìn àpáta olórí méjì, níbi tí àwọn baba àwọn ti gbẹ́ ojú odò náà fẹ̀, kí gẹdú lè léfòó dé ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Ibo ni àpáta olórí méjì wà, bọ̀dá mi?"

Káfíńtà wo ojú fèrèsé. Àpáta náà ló ń wò ó padà yẹn.

"Wọ́n dí odò náà nígbà tí wọ́n ń ṣe títì. Àmọ́ odò kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Òun ló ń fọ yanrìn kúrò lábẹ́ yín."

"Ìwọ ayàwòrán yìí! Ṣé ojú ọ̀run lèèyàn ti ń mọ ilé mi ju èmi tí mo kọ́ ọ lọ?"

Àbúrò dìde, ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti fá eléyìí?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin."

"Níbo lára rẹ̀?"

"Igun òkè lápá ọ̀tún. Ibẹ̀ náà ṣáá ni."

"Igi tó bá wú nígbà òjò, ṣé kì í fún padà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ṣé eléyìí fún rí?"

Káfíńtà fọwọ́ pa igun náà. Ó mọ igi bí ẹní mowó, ó sì mọ̀ pé kò fún rí.

"Ilẹ̀kùn kò wú, bọ̀dá mi. Ilẹ̀ ló ń rìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó wá sọ́dọ̀ mi lónìí."

Télọ̀ ti ń wá àpò. Ọkọ rẹ̀ ló mi orí. "Ẹ jẹ́ kí òjò ọdún yìí dá ná. Mi ò lè torí àwòrán fi ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ sílẹ̀." Télọ̀ gbé àpò padà, ó ní aṣọ ìgbéyàwó kan kúkú wà lọ́wọ́ òun. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, káfíńtà fá ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀karùn-ún.

Lọ́jọ́ kẹrin, òjò rọ̀ lórí òkè láti àárọ̀. Lọ́sàn-án, omi yọ lẹ́yìn àpáta. Kò wo títì, kò wo gọ́tà; ojú ìlà tútù inú àwòrán ló gbà, bí ẹni tó ń lọ sílé rẹ̀. Káfíńtà gbọ́ ìró ògiri láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níwájú ilé, ó sáré wọlé. Ilẹ̀ ti rì lápá ọ̀tún, omi ń kún yàrá ẹ̀yìn, àtẹ́rígbà ti jókòó lé ilẹ̀kùn lórí. Irin ló sì wà lójú fèrèsé.

"Káfíńtà mi, ẹ ṣí i!"

"Mo ti ń ṣí i, Télọ̀! Má dákẹ́, máa pè mí!"

Ó gbé àáké. Pákó tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà ni, pákó tó le bí egungun. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò já a kulẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ilẹ̀kùn tó là, télọ̀ ti dákẹ́.

Nígbà tí omi fà, aṣọ ìgbéyàwó náà ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ gún un mọ́lẹ̀.

Àbúrò kò sọ pé ṣebí òun ti wí. Ó jókòó tì í lásán ni. Káfíńtà ní: "Ẹnu ilẹ̀kùn nilẹ̀ fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo fá ẹnu náà dànù."

Ẹ̀yin ará, bí omi bá ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Kí ẹ tó ra ilẹ̀ tàbí kọ́lé, ẹ dé ọ́fíìsì ilẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi àwòrán sátẹ́láìtì hàn yín, ẹ béèrè ohun tí ìwé àtijọ́ àti àwọn àgbà wí nípa ibẹ̀. Bí ìpìlẹ̀ yín bá ń bímọ yanrìn àti ìkarahun, ẹ má yọ̀; ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ pe onímọ̀ ilẹ̀. Irin fèrèsé, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan ṣeé ṣí láti inú. Bí ilẹ̀kùn bá sì ń há sí ojú kan náà, tí ẹ̀ẹ̀rùn kò tú u sílẹ̀, ẹ má dúró de ìgbà tí òjò máa dá. Ẹ kọ́kọ́ kó èèyàn jáde. Ilé ṣeé tún kọ́.

Káfíńtà ṣì ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá wá ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi fá ilẹ̀kùn mi, ó ń há," kì í mú ìfági mọ́. Á wo onítọ̀hún lójú, á ní: "Ibo lẹ kọ́lé sí?"