Oyè Àwọn Tí Wọ́n Jí Gbé

Ẹlẹ́nu-Bí-Ìbọn ní eyín lásán lòun fi gé ẹ̀wọ̀n irin ajínigbé bí ẹni ń jẹ ìrèké. Ó ní ọgọ́rùn-ún ọta ni wọ́n yìn sóun láyà, gbogbo ẹ̀ ló tọrọ gáfárà, tó sì padà sẹ́nu ìbọn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dákẹ́.

"Ọkọ mi, nígbà tí wọ́n jí wa gbé, ṣebí ilé lẹ wà?"

"Ìyàwó mi, ta ló bi ọ́? Ìjọba ti ṣòfin. Gbogbo ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ajínigbé yóò gba oyè orílẹ̀-èdè. Ẹ̀rí ẹnu ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ wà níbẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Ìwọ ṣáà sọ pé mo wà láàárín yín."

Aránṣọ tún okùn kó sójú abẹ́rẹ́. Láti ìgbà tó ti dé láti ìgbèkùn, àwọn oníbàárà ti ń gba ọ̀nà mìíràn. Wọn ò mọ ohun tí wọn yóò bá a sọ. Àwọn ọ̀rẹ́ wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bi í ní ohun tí ojú rẹ̀ rí, wọ́n gbọ́ tán, wọ́n lọ. Ilé wá dákẹ́ débi pé bí eṣinṣin bá wúkọ́, yóò gbọ́. Àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀ yìí nìkan ló ń wá jókòó tì í. Bó bá kọ̀ fún un, ta ni yóò tún kan ilẹ̀kùn?

"Mo ti gbọ́," ló sọ. "Ẹ ṣáà máa yà."

Ọjọ́ ìjẹ́rìí pé. Akọ̀wé ìjọba kó wọn jókòó sí yàrá kan: aránṣọ, awakọ̀ kan àti nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n jí gbé pẹ̀lú rẹ̀, àti Ẹlẹ́nu-Bí-Ìbọn tí ẹ̀wù rẹ̀ ń dán ju oòrùn ọ̀sán lọ.

"Ẹni tó kú sígbèkùn náà yóò gbà á," akọ̀wé ṣàlàyé, "ẹbí rẹ̀ ni yóò bá a gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́rìí èké, ẹ̀wọ̀n ni."

"Ẹ̀wọ̀n kẹ̀? Ṣé ó le tó èyí tí mo fi eyín gé?"

Ibẹ̀ ni aṣọ́nà kan ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn láti ìta, tó yí i.

Lójú ẹsẹ̀, aránṣọ dìde, awakọ̀ dìde, nọ́ọ̀sì dìde. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú sí ògiri, wọ́n ká ọwọ́ lérí. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ. Nígbèkùn, bí kọ́kọ́rọ́ bá ti yí, ẹni tó bá wo ojú ajínigbé ti kó sí wàhálà.

Ẹlẹ́nu-Bí-Ìbọn nìkan ló jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ ń wá lára ògiri?"

Akọ̀wé wò ó, ó wo ẹ̀yìn àwọn mẹ́ta yòókù. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Màmá, ṣé ọ̀gbẹ́ni yìí wà pẹ̀lú yín níbẹ̀?"

Ọwọ́ aránṣọ ṣì wà lórí. Ó ro ti ilé òfìfo tó ń dúró dè é.

"Kò sí níbẹ̀, sà. Ọkọ mi, ẹ má bínú."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí ọkùnrin náà fi gba ojú fèrèsé jáde, bàtà ẹsẹ̀ kan ló fi sílẹ̀. Àwọn agbófinró ṣì ń wá a. Aránṣọ gba àmì oyè rẹ̀, ó gbé e délé, kò rẹ́ni fi í hàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kàwé yìí, ẹ má jẹ́rìí fún ẹni tí kò jìyà, ìbáà ṣe ẹbí yín tímọ́tímọ́. Bí ẹni tí wọ́n jí gbé rí bá sì ń gbé nítòsí yín, ẹ má wá gbọ́ ìtàn lẹ́nu rẹ̀. Ẹ dárúkọ ara yín lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ̀rù má bà á. Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ sì padà wá lọ́la. Òfin lè fi àmì oyè sí i lọ́rùn. Kò lè bá a jókòó.