Ogójì Ìrìn, Ẹsẹ̀ Méjì

Igbe tí ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ké láàárọ̀ kùtù ló kó gbogbo ilé jọ. Nígbà tí aago mẹ́jọ fi máa kọjá díẹ̀, Ìnsípẹ́kítọ̀ tí àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Atọpinpin ti dé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ kì í sinmi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo yàrá ìwádìí náà yíká.

Kọ̀ǹpútà márùn-ún ló wà lórí tábìlì. Mẹ́rin jókòó pẹ̀sẹ̀, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ẹnì kan ti fi òòlù lu ìkarùn-ún títí irin inú rẹ̀ fi yọ síta, ó sì ti tú ibi tó ń tọ́jú iṣẹ́ sí, ó rì í sínú garawa omi. Òòlù náà ṣì wà nílẹ̀.

"Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà!" Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni yàrá náà di orí mú. "Ìrìn ogójì aláìsàn ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti pa mí!"

Ó ṣàlàyé iṣẹ́ wọn. Wọ́n á lẹ bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ tó ń dán mọ́ oríkèé aláìsàn, aláìsàn á rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì gígùn, kámẹ́rà méjìlá á máa wò ó láti ara ògiri. Kọ̀ǹpútà á wá sọ ìrìn náà di egungun tó ń rìn. Láti ara ogójì ìrìn yẹn ló ti kọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, tó fi ń sọ ibi tó yẹ kí dókítà gé àti ibi tó yẹ kó fà, kí ọ̀bẹ tó kan ẹnikẹ́ni. Ilé ìwòsàn tó wà ní òdìkejì àgbàlá sì ti ń tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

"Ta lẹ fura sí?"

"Ta ni ǹ bá tún fura sí bí kò ṣe káfíńtà yẹn? Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ rẹ̀, kò bọ́ sí i. Ẹnu ọ̀nà yìí ló dúró sí lọ́sẹ̀ tó kọjá tó ń lérí." Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ìka méjì ti awò ojú rẹ̀ sókè. "Òòlù rẹ̀ sì rèé."

Kọ́ńsítébù lọ mú káfíńtà wá. Ọkùnrin gìrìpá ni, lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà nínú irun rẹ̀. Ó wo òòlù náà, ó rẹ́rìn-ín kíkorò.

"Ọ̀gá mà, òòlù afọ́kúta nìyí. Kò ní ẹnu tí a fi ń fa ìṣó. Káfíńtà wo ló ń fi irú èyí ṣiṣẹ́?" Ohùn rẹ̀ wá rọlẹ̀. "Ọmọ mi ń tiro nígbà tí mo mú un wá. Ó ń tiro, àmọ́ ó ń rìn. Ní báyìí, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ẹ̀yìn mi ni mo fi ń gbé e lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ní í ṣe lákáǹlákáǹ tọ alábẹ́rẹ́ lọ. Èmi ni mo lọ sí kóòtù pé kí wọ́n ṣí ìrìn ogójì yẹn fún mi, kí n mọ ibi tí wọ́n ti ṣì í. Ọ̀túnla ni wọn ì bá ṣí i. Ṣé ẹlẹ́rìí mi ni n óò wá fi òòlù pa?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Atọpinpin létí. Ó yíjú sí bàbá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé náà lóru.

"Ilẹ̀kùn ò já, fèrèsé ò fọ́," ni bàbá wí. "Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà, ti Ọ̀jọ̀gbọ́n àti ti ọmọbìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ yìí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà."

Gbogbo ojú bá yí sí ọmọbìnrin náà. Òun ló ké igbe àárọ̀, láti ìgbà náà ló sì ti ń wo aago ara ògiri.

"Kí lo ń wò lára aago?"

"Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ń retí mi ní ilé ìwòsàn ni."

"Ṣé o mọ ogójì aláìsàn yìí?"

"Rárá, mà. Wọ́n ti gba ìrìn wọn tán kí n tó dé ibí. Nọ́ńbà la fi ń pè wọ́n, mi ò rí ojú ẹnì kankan." Ó nawọ́ gbé báàgì rẹ̀. "Àmọ́ mo da egungun wọn kọ sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, kí n lè fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n yí padà wìrì. "Ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Ṣí i," ni Atọpinpin wí.

Egungun bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. "Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún nìyí," ni ọmọbìnrin náà ń kà láti ara àkọlé wọn. "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nìyí. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lápá ọ̀tún nìyí." Ọ̀kan ń tiro, ọ̀kan ń wọ́ ẹsẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Atọpinpin kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún méjìdínlógún tó ti ń dá olè mọ̀ láti ẹ̀yìn, láàárín èrò. Lójijì, ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà náà.

"Dá a padà. Má wo ẹsẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni kó o wò."

Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ọwọ́ ìyá àgbà gòkè lọ síbi tí imú ì bá wà, ó ti ohun tí kò sí níbẹ̀ sókè, ó sì wálẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ti alárọpárọsẹ̀, apá ọ̀tún tí wọ́n ní ó ti kú, òun náà gòkè wẹ́rẹ́.

"Yéè!" Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rìn dé ògiri yẹn."

"Ìwọ̀sí wo nìyí?"

"Ẹ ṣáà rìn, sà."

Ó rìn. Ní ìṣísẹ̀ kẹrin, ìka rẹ̀ méjì gbéra lọ síbi awò ojú. Ó rántí, ó dá wọn dúró lófuurufú.

"Ogójì ìrìn, ènìyàn kan," ni Atọpinpin wí. "Ẹni tó fọ́ ẹ̀rọ yìí ní kọ́kọ́rọ́. Nínú kọ̀ǹpútà márùn-ún, ó mọ èyí tó fẹ́ fọ́. Káfíńtà ń fojú sọ́nà fún ọ̀túnla, àmọ́ ẹni yìí ń bẹ̀rù rẹ̀. Ó wá òòlù tó máa fi ti ẹjọ́ sí káfíńtà lọ́rùn, àmọ́ kò mọ òòlù yàtọ̀ sí òòlù. Ẹ̀yin lẹ lẹ bọ́ọ̀lù mọ́ ara yín, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ tiro bí arúgbó, ẹ wọ́ ẹsẹ̀ bí aláìsàn, ẹ sì ní kí kọ̀ǹpútà sọ egungun yín di ti ọmọdé."

Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo pe àwọn aláìsàn títí, wọn ò wá. Ogún ọdún ni mo ti ń wo bí wọ́n ṣe ń tiro. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n."

Káfíńtà kò pariwo. "Ẹsẹ̀ yín ni wọ́n wò kí wọ́n tó gé ti ọmọ mi?"

Ìbéèrè yẹn ló mú ẹ̀rù ba Atọpinpin. "Ta ló kàn? Ta ni wọ́n tún fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún?"

Àga ṣubú. Ọmọbìnrin náà ti dìde. "Ìyá mi! Orúnkún ìyá mi. Aago mẹ́sàn-án!" Ó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí ìwé wọn lánàá, sà. Ẹ ní kí n má fòyà."

Aago ti lé ní mẹ́sàn-án. Wọ́n fi Ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀ fún kọ́ńsítébù, wọ́n sáré gba àgbàlá kọjá. Atọpinpin ń pe fóònù ilé ìwòsàn bó ti ń sáré, kò sẹ́ni tó gbé e. Káfíńtà ló yára jù. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ: "Ẹ dúró! Ẹ má gé e!"

Nígbà tí Atọpinpin fi máa wọlé, dókítà na ọ̀bẹ sókè, ó lanu sílẹ̀. Ìyá ọmọbìnrin náà ń sùn. Ìlà búlúù tí ọ̀bẹ máa tọ̀ wà lórí orúnkún rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò tíì sí.

Ọ̀sán pọ́n kí ìyá náà tó lajú. Ó fọwọ́ tọ́ orúnkún rẹ̀ wò. "Wọ́n ti ṣe é tán? Mi ò mọ̀ ọ́n lára."

"Wọn ò ṣe é mọ́, Màámi."

"Ẹ wá febi pa mí láti àná lásán?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹkún ló sì gbẹ̀yìn ẹ̀rín náà. Ìyá wá rí ọkùnrin gìrìpá kan tó kọjú sí ògiri, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ta nìyẹn? Kí ló ń pa á lẹ́kún?"

"Òun ló gbà yín sílẹ̀, Màámi. Ọmọ tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún."

Ìyá náà wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ gbá àyè tó ṣí sílẹ̀.

"Ọmọ mi," ó wí, "wá jókòó."