Eegun Kún Inú Minou

"Ta ló fún ológbò mi ní májèlé jẹ?"

Tantie Agathe lóṣòó ti àpótí iyanrìn tí Minou ń yàgbẹ́ sí. Ìgbẹ́ inú rẹ̀ funfun, ó gbẹ bí ẹfun. Minou alára wà lábẹ́ àga, inú rẹ̀ le gbandi, ó ń ké. Tantie wo ojú Ayọ̀ọlá, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Ouaga 2000, nílùú Ouagadougou, nítorí ilé ìwé. Lẹ́yìn náà ló wá wo ẹnu géètì, níbi tí Jean-Marc, ẹni tó ń ṣọ́lé, jókòó sí.

"Ọkùnrin yẹn ò fẹ́ràn Minou rí. Ó ní ó ń pa ẹyẹlé òun jẹ."

Ayọ̀ọlá ní, "Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun ni, Tantie."

Ẹ gbọ́ irọ́! Ọmọ yìí mọ ohun tó ṣe ológbò.

Oúnjẹ Minou kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́wọ́ Tantie. Kossodo, níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran, ló ti ń rà á, kì í sì í sè é. Ó ti kọ́ Ayọ̀ọlá dáadáa: "Ẹran ni kó pọ̀ jù, eegun adìyẹ díẹ̀, ẹ̀dọ̀ ìwọ̀nba. Bí eegun bá kéré jù, ìgbẹ́ á máa ṣàn. Bó bá pọ̀ jù, inú á dí. Má sì sè é o, eegun sísè ń gún ìfun."

Ṣùgbọ́n ilé ìyá rẹ̀, Modinat, ní àdúgbò Patte d'Oie ni Ayọ̀ọlá ti dàgbà. Modinat kì í fún ọmọ lẹ́ran gidi. "Eegun ni tọmọdé," ni yóò wí. "Ọmọ tó bá ń jẹ ẹran ńlá, olè ní í dà." Ayọ̀ọlá họ eegun títí. Kó wá máa gé ẹran fún ológbò? Inú bí i. Nígbà tó sọ ọ́ fún Hàbíb, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ńṣe nìyẹn bú sẹ́rìn-ín: "Ológbò ń jẹ ẹran, ìwọ ń họ eegun? Mú un wá ká sun ún, d'accord, ṣó o gbà?"

Bí wọ́n ṣe ń sun ẹran Minou jẹ nìyẹn. Ọrùn àti apá adìyẹ, tó jẹ́ kìkì eegun, ni Ayọ̀ọlá ń gé kún abọ́ Minou dípò ẹran. Ó ṣáà ti kún, ó tán lójú tirẹ̀.

Tantie pe Jean-Marc. "Madame, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò fọwọ́ kàn án," ni ọkùnrin náà wí. Tantie ò gbọ́. Ó ní kó kó ẹrù rẹ̀. Jean-Marc di ẹní rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, ó wo Ayọ̀ọlá, ó sì jáde. Ayọ̀ọlá dúró síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà á, kò lanu.

Tantie gbé Minou lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Dókítà náà tẹ ikùn rẹ̀, ó ya fọ́tò inú rẹ̀. "Kì í ṣe májèlé. Eegun ló dí i nínú. Ta ní ń bọ́ ọ?"

Tantie yíjú sí Ayọ̀ọlá. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Èmi ni, Tantie. Èmi ni mo jẹ ẹran rẹ̀."

"O wá ń wò mí, mo lé ọlọ́mọ jáde?"

Wọ́n tọ́jú Minou, ara rẹ̀ yá. Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì lọ bá Jean-Marc nílé. Ayọ̀ọlá kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́. Tantie náà bẹ̀ ẹ́ pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọkùnrin náà ní, "Màá padà, Madame, nítorí àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n omi tí ọmọ yìí bá bù wá, mi ò ní mu ún."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fetí sílẹ̀: ẹni tó bá da ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ lé ẹlòmíràn lórí, òun gan-an ni ayé yóò máa fura sí. Jean-Marc padà sí géètì lóòótọ́. Láti ìgbà náà, bí Ayọ̀ọlá bá gbé omi dé iwájú rẹ̀, yóò ní barka, ìyẹn "o ṣé", yóò sì dà á sílẹ̀ lójú rẹ̀.