Sípánà Tó Wà Lọ́wọ́ Òkú

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Ká ní ẹyẹ ni, à bá gbọ́ ìró ìyẹ́ rẹ̀ kó tó dé. Olúwa má jẹ̀ẹ́ ká fi oúnjẹ tiwa bọ́ ohun tí yóò jẹ wá.

Ẹsẹ̀ méjì ni Ìdíátù kọ́kọ́ rí. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ti òsì ti bọ́. Ọkọ̀ pupa náà ló bo ìyókù.

"Fatawu!"

Ìdíátù kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn ẹsẹ̀ náà, ó wá iṣan. Iṣan ti dákẹ́.

Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe ọlọ́pàá ní Accra kó tó fẹ̀yìntì, ojú rẹ̀ sì ti rí òkú. Ṣùgbọ́n kò tíì rí òkú rí nínú àgbàlá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Mamobi, lábẹ́ ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kẹ́ bí ọmọ.

Àlàmú ló ni ọkọ̀ náà, ọkọ̀ eléré-ìje oníjókòó méjì, ti ọdún 1965, tí òyìnbó kan fi sílẹ̀ tó sì dógùn-ún dé egungun. Ọdún mẹ́sàn-án ni Àlàmú àti Fatawu, fítà rẹ̀, fi ń tún un ṣe, nọ́ọ̀tì kan tẹ̀lé òmíràn. Òfin wà lórí nọ́ọ̀tì náà pàápàá. Íńṣì ni òyìnbó àtijọ́ fi wọn wọ́n, nítorí náà sípánà onímìlímítà ayé ìsinsìnyí kan kò gbọ́dọ̀ wọ àgbàlá yẹn, kó má baà gé wọn létí. Fatawu gan-an, ẹnu ọ̀nà ló ń fi tirẹ̀ sí.

Àbẹ̀kẹ́ ni Àlàmú sọ ọkọ̀ náà. Bó bá ti ń nù ún láàárọ̀, á máa kì í:

"Àbẹ̀kẹ́ pupa bí osùn,
Arẹwà tí kì í gbọ́ 'dìde' lẹ́ẹ̀kan.
A bẹ̀ ọ́, o yí ojú;
A kẹ́ ọ, o kọrin."

Lónìí, Àbẹ̀kẹ́ ti pa ènìyàn.

Ìdíátù wólẹ̀, ó yọjú sábẹ́ ọkọ̀. Jáàkì ti wálẹ̀ pátápátá. Nítòsí orí Fatawu, ẹsẹ̀ irin tí wọ́n máa ń gbé ọkọ̀ lé kó má baà já luni dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì kàn án. Ọwọ́ ọ̀tún yọ síta lẹ́bàá táyà. Sípánà kan wà nínú rẹ̀. Ìka kankan kò ká mọ́ ọn. Ńṣe ni wọ́n gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ bí ìgbà téèyàn gbé ṣíbí kalẹ̀ fún àlejò.

Ẹnì kan ti wà níbí lẹ́yìn tí Fatawu kú.

Ta ló sì ni gbogbo sípánà inú àgbàlá yìí, bí kò ṣe Àlàmú? Ta ló kígbe lánàá, tí gbogbo àdúgbò gbọ́: "Fatawu, bó o bá tún fọwọ́ kan ọ̀dà ọkọ̀ yìí láìgbàṣẹ, màá pa ọ́"?

Ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù náà ló sì mú un ṣe ohun tí ọgbọ̀n ọdún iṣẹ́ kà léèwọ̀. Ó mú sípánà náà láìwò ó, ó fi etí aṣọ wé e, ó fi há ìbàdí. Ìgbà náà ló tó pe ọlọ́pàá.

Ínsípẹ́kítọ̀ Abena ló dé. Ìdíátù ló kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé lẹ́nu rẹ̀.

"Màdáámù, ẹ pẹ̀lẹ́ o."

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi jáàkì kan náà gbé ọkọ̀, wọ́n yọ òkú. Abena fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí jáàkì bẹ́ẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Kò sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n èékánná.

"Jáàkì yìí ò bàjẹ́," ni Abena wí. "Ẹnì kan ló tú u sílẹ̀. Ta ló wà nílé?"

Àwọn mẹ́ta ni. Àlàmú onílé. Abdul-Rahim tó wá láti Tema, tí òun náà ní ọkọ̀ òyìnbó àtijọ́ tó ń tún ṣe. Ẹ̀kẹta ni Tàjùdíìnì, àbúrò ìyàwó Àlàmú tó ti dolóògbé. Ó ń wa takisí, òun sì ni ládàánì tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wọn.

Kí wọ́n tó jókòó, Àlàmú figbe ta lẹ́bàá pẹpẹ irinṣẹ́.

"Àpótí kabúrétọ̀ mi dà?"

Kabúrétọ̀ méjì ni, ohun tí ẹ́ńjìnnì fi ń mu epo. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn dé Tema, Tàjùdíìnì ló lọ gbà wọ́n. Àlàmú kì í ṣí ohun èlò tuntun títí ọjọ́ tí wọn yóò dè é, tí yóò sì kọ́kọ́ gbàdúrà sí i. Òní ni ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Àìlá.

Abena kọjú sí i. "Bàbá, ẹ sọ lánàá pé ẹ máa pa á."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ṣé ẹni tó bá sọ pé ebi máa pa òun ló ń kú?"

"Níbo lẹ wà láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀?"

"Mo sùn."

"Ta ló rí yín?"

"Ta ló ń wo arúgbó tó ń sùn?"

Ó kan Abdul-Rahim. "Bàbá ní ìwọ lo fẹ́ ra kabúrétọ̀ yẹn."

"Wallahi, mo fẹ́. Mo bẹ Bàbá títí, wọ́n lé mi bí ajá. Mo bínú, mo lọ jẹ wàákyè lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ bi obìnrin tó ń tà á, mo bu ata lẹ́ẹ̀mejì."

"Ìwọ ńkọ́, ládàánì?"

Tẹ̀súbáà ń yí lọ́wọ́ Tàjùdíìnì. "Mo wà níta, mò ń de bẹ́líìtì takisí mi. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọlọ́run ló mọ̀."

Abena fa Ìdíátù sẹ́yìn ògiri. "Màdáámù, màá mú ẹ̀gbọ́n yín lọ. Àwọn ẹbí òkú ti ń kún ojú pópó. Bí mo bá fi í sílẹ̀ síbí, wọ́n á lù ú pa."

Ìdíátù gbọ́ ariwo wọn lóòótọ́. Òkúta kan bá páànù òrùlé, gbàà!

"Fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ó tú etí aṣọ náà. Ó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́: "Ọlọ́run, bó bá jẹ́ òun ni, kí ni màá ṣe? Bí kò bá jẹ́ òun, fi hàn mí." Ó wá wo sípánà náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Nọ́ńbà mẹ́rìnlá. Mìlímítà.

Ó tún un wò. Kò sí nọ́ọ̀tì kan lára Àbẹ̀kẹ́ tí irin yìí lè tú. Fatawu mọ̀. Àlàmú mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, òun ló ṣòfin. Àti pé ẹni tó ń gbé ẹsẹ̀ irin sábẹ́ ọkọ̀, kí ló fẹ́ fi sípánà ṣe? Ẹni tó gbé e síbẹ̀ mọ ọkọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò mọ ọkọ̀ yìí.

Ẹni náà sì ń bẹ níta, ó ń mí èémí kan náà pẹ̀lú wọn.

Ó jáde bá Abena. "Mo ṣẹ̀. Mo gbé nǹkan kúrò lọ́wọ́ òkú."

"Awurade! Olúwa o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ mi?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Ìyà mi ò ní sá lọ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi wọ́n ní ìbéèrè kan."

Ó ní kí Àlàmú dúró láìsọ̀rọ̀. Ó tọ́ka sí nọ́ọ̀tì kan nídìí ilẹ̀kùn Àbẹ̀kẹ́.

"Abdul-Rahim, sípánà wo ló máa tú èyí?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fojú wọ̀n ọ́n, ó rọra sọ ọ́ sí i létí: "Ìdajì íńṣì. Hájíà, ṣé ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ fítà ni?"

"Ìwọ, Tàjùdíìnì?"

Kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. "Mẹ́rìnlá ni."

"Lọ mú tìrẹ wá, ká fi gbìyànjú."

Tẹ̀súbáà dúró. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo Abena. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbéra.

Abena fúnra rẹ̀ lọ sídìí takisí, ó mú àpò irinṣẹ́ wá, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ojú àpò kọ̀ọ̀kan ní sípánà tirẹ̀: mẹ́jọ, mẹ́wàá, méjìlá. Èyí tó tẹ̀lé e ṣófo. Lẹ́yìn rẹ̀, mẹ́tàdínlógún. Ìdíátù fa irin yọ ní ìbàdí, ó tì í bọ ojú àpò tó ṣófo náà. Ó wọlé gẹ́lẹ́ bí ọ̀bẹ tó padà sínú àkọ̀.

Ogún ọdún tí irọ́ bá ti ń lọ, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ó lé e bá.

Wọ́n ṣí búùtù takisí. Àpótí náà wà lábẹ́ ẹní ìrun. Kò sí kabúrétọ̀ òyìnbó nínú rẹ̀, àfi irin páńtí méjì tó dúdú fún èéfín, tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé.

"Tàjùdíìnì," ni Ìdíátù wí, "ìwọ lo pa Fatawu."

Ó jókòó sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, Ashaiman, lójú ọ̀nà Tema, ni wọ́n ti jí kabúrétọ̀ náà. Mo sọ̀kalẹ̀ ra omi, mi ò ti búùtù. Ẹ̀rù bà mí. Mo ra páńtí, mo dì í sínú àpótí tó jọ ọ́. Bàbá ní kí n búra pé kò kúrò lójú mi. Mo gbé Kùránì, mo búra."

"O búra èké!" Àlàmú bú sẹ́kún.

"Fatawu tú u wò láàárọ̀ yìí, ó fẹ́ nù wọ́n kí Bàbá tó jí. Ó ní òun á sọ fún Bàbá, òun á sọ fún Lèmọ́mù. Èmi tí mò ń pe gbogbo Mamobi sí ìrun! Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní kí n dìde kúrò lọ́nà, òun fẹ́ ṣiṣẹ́. Ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀ láti gbé ẹsẹ̀ irin sí i. Ọwọ́ mi sì wà lára jáàkì." Ó bojú. "Mo yí i lẹ́ẹ̀kan péré."

"Sípánà ńkọ́?"

"Mo gbé àpótí sá, mo tún padà. Sípánà tí mo fi ń de bẹ́líìtì wà nínú àpò mi. Mo rò pé bí fítà bá kú pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa béèrè nǹkan kan."

Wọ́n mú un jáde gba ẹ̀yìnkùlé, kí ẹbí òkú má baà fà á ya. Abena yíjú padà. "Màdáámù, ẹ̀yin náà á wá kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ lọ́la."

"Màá wá."

Ó ku Ìdíátù àti Àlàmú. Ìta ti ń rọlẹ̀.

"Ìdí," ló wí, "nígbà tí wọ́n ń dárúkọ mi, ìwọ náà gbà pé èmi ni?"

Ìdíátù wá irọ́ kan tó lè pa. Kò rí. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀.

"Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."