Àgádágodo Ẹnu Kànga

Bàtà lọ́wọ́, ẹrẹ̀ dé orúnkún, ni Oyèdìran fi wọ gbọ̀ngàn ìlú Ìlọ́fà lọ́jọ́ tí Olúwayẹ́misí kọ́kọ́ rí i. Òjò oṣù kẹjọ ń pariwo lórí páànù débi pé Yẹ́misí ní láti dá ọ̀rọ̀ tó ń sọ níwájú èrò dúró. Ó ń wo ọ̀dọ́mọkùnrin gíga náà bó ṣe ń wá ìjókòó, tí omi ń kán lára rẹ̀. Inú bí i, ẹ̀rín sì tún ń pa á. Nígbà tí ojú wọn pàdé, Dìran rọra ti bàtà náà sábẹ́ àga bí ọmọ ilé-ìwé tó pẹ́ dé.

Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà tó ń gba oyè gíga ní Ìlọrin ló gbé sẹ́mínà náà wá. Àṣà wọn ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú baba rẹ̀, ní èdè tí ará ilé gbọ́, kó tó lọ sọ ọ́ fáwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n sì ní òfin kan tó le. Ẹni tó bá béèrè ìbéèrè tó dá iṣẹ́ ẹlòmíràn dúró, òun náà ni yóò bá a tún un ṣe títí yóò fi parí. Òfin yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ bí a ṣe ń pa ẹnu mọ́.

Iṣẹ́ tí Yẹ́misí ń ṣe dá lórí omi abẹ́ ilẹ̀. Ọmọ ìlú kan tó ń gbé l'Ábújá ti ṣèlérí kànga ẹ̀rọ kan fún Ìlọ́fà, ibi tí Yẹ́misí bá sì tọ́ka sí ni wọn yóò gbẹ́ ẹ sí. Ó ti wọn omi inú kànga káàkiri ìlú, ti ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ ló sì kún jù. Bàbá náà, Májẹ́kódùnmí, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ti yọ̀ǹda ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kànga yẹn fún ìlú. Iwájú pátápátá ló jókòó sí lọ́jọ́ náà, ó wọ agbádá, inú rẹ̀ ń dùn sọ́mọ rẹ̀.

Dìran, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ náà, nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ wọn àwọn kànga yìí?"

"Oṣù tó kọjá àti oṣù yìí," ni Yẹ́misí dáhùn. "Ìgbà ọlidé ni mo máa ń ráyè wálé."

"Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́?"

Kànga ta ni kì í kún nígbà òjò? Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá Yẹ́misí ti kú, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ n'Ílọrin ló ti dàgbà. Ìgbà òjò nìkan ló máa ń wá sílé, kò mọ bí Ìlọ́fà ṣe ń rí nínú oṣù kejì ọdún.

"Mi ò wọ̀n ọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn," ló ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Pẹ̀lúmi, alága ẹgbẹ́, ní iṣẹ́ dúró. Bàbá Májẹ́kódùnmí dìde, ó gbá agbádá rẹ̀ jọ, ó sì jáde sínú òjò. Àwọn ará ìlú kan dorí kodò. Wọ́n mọ ohun tí Yẹ́misí kò mọ̀, pé lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti dé, bàbá rẹ̀ máa ń fi àgádágodo ti ẹnu kànga rẹ̀ pa. Ó máa ń sọ pé òun ń tọ́jú omi ni. Nítorí pé òun ló kọ́ ìdajì wọn ní ìwé, kò sẹ́ni tó já a nírọ́ rí.

Yẹ́misí bá Dìran lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ ti ba ọjọ́ mi jẹ́."

"Mo mọ̀. Ẹ má bínú. Èmi náà ni mo máa bá yín tún un ṣe."

"Ẹ kọ́kọ́ lọ wọ bàtà yín ná."

Bí ọyẹ́ ṣe gbóde ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n á gun ọ̀kadà láti Ìlọ́fà lọ sí Obbo-Ayégúnlẹ̀, wọ́n á tún gba ibẹ̀ dé Obbo-Ilé tí í ṣe ìlú Dìran, kí wọ́n lè fi omi ibẹ̀ wé ti Ìlọ́fà. Dìran á sọ tépù sínú kànga, Yẹ́misí á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Eruku ń bo wọn, ètè wọn ń sán. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn.

"Ọ̀gá Oníbèéèrè, ṣé o ti jẹun?"

"Ṣọ́ra o. Tí ìbéèrè yẹn bá dá iṣẹ́ dúró, ìwọ lo máa lọ se oúnjẹ."

Lọ́jọ́ kan ní Obbo-Ilé, ìyá Dìran bu omi fún wọn nínú ife kan ṣoṣo, torí omi ti wọ́n. Yẹ́misí mu díẹ̀, ó fún Dìran. Dìran náà mu díẹ̀, ó dá a padà fún un. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é tí omi náà kò fi tán, kálukú ń fi sílẹ̀ fún èkejì.

"Yẹ́misí, mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ yìí parí," ni Dìran sọ.

"Iṣẹ́ lè parí. Kí ìwọ má ṣáà lọ."

Nínú oṣù Kejìlá, wọ́n jọ lọ síwájú Bàbá, Dìran dọ̀bálẹ̀, Yẹ́misí kúnlẹ̀. Yẹ́misí sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, ó sì tọrọ kọ́kọ́rọ́ àgádágodo tí wọ́n bá lẹ́nu kànga. Bàbá kò wo ojú rẹ̀. Dìran ló kọjú sí.

"Ìwọ lo dójú tì mí láàárín ìlú. O ba uṣẹ́ ọmọ mi jẹ́, o tún wá sí ulé mi láti kó ọmọ náà lọ. N kò fún ọ. N kò sì fún yín ní kọ́kọ́rọ́."

Ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn fún Dìran nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun, àrùn rọpá-rọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ohùn rẹ̀ sì lọ. Àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ìtìjú ló ṣe é. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Ṣubúọlá, kó wá sílé náà láti máa tọ́jú rẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ.

"Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ la dì mú," ni Àǹtí sọ fún Yẹ́misí. "Ẹnu tí ì bá fi yí i padà kò sí mọ́. Má jẹ̀ẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn wọ ulé yìí."

Yẹ́misí sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Bí ó bá ní bàbá òun ti gbà, irọ́ ni. Bí ó bá sì ní kò ní gbà láéláé, ta ló lè mọ̀?

Nígbà tó di oṣù kejì, kànga Bàbá nìkan ló kù. Yẹ́misí mú kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó tó wà lókè ibùsùn bàbá rẹ̀. Bàbá rí i. Omi jáde lójú rẹ̀.

Dìran gba ẹ̀yìnkùlé wá. Wọ́n ṣí ẹnu kànga, wọ́n sọ tépù sí i. Tépù náà lọ, ó lọ, ó sì balẹ̀ sórí ohun líle. Wọ́n tan iná fóònù sínú rẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ tó ti sán ni wọ́n rí, pẹ̀lú garawa kan tí ìpẹtà ti jẹ tán. Kì í ṣe ọdún yìí nìkan ló ti ń gbẹ.

Yẹ́misí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó mọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti mọ̀."

"A lè ní a ò rí kọ́kọ́rọ́," ni Dìran sọ.

"Wọ́n á wá gbẹ́ ẹ síbí, wọn ò sì ní rí omi."

"Jẹ́ kí èmi sọ ọ́ nígbà náà. Èmi ni wọ́n ti kórìíra tẹ́lẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ ìwọ lo máa tú àṣírí bàbá rẹ."

Yẹ́misí wò ó. Kò tíì fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí rí, ọkàn rẹ̀ kò sì tíì wúwo tó báyìí. "Bàbá mi ni, Dìran. Ẹnu mi ni ìlú máa ti gbọ́ ọ. Òun náà ló sì máa kọ́kọ́ gbọ́."

Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Bàbá, mo ti ṣí i. Mo máa sọ ọ́. Ẹ forí jì mí." Bàbá di ojú. Yẹ́misí kò mọ̀ bóyá ó gbà ni, tàbí ó kọ òun lọ́mọ.

Ó sọ ọ́ ní sẹ́mínà kejì, nínú gbọ̀ngàn kan náà, nínú ooru. Ó ní ilẹ̀ bàbá òun kò ní omi, pé ìdí òkè lọ́nà ilé-ìwé, níbi tí kànga kò ti gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni omi wà. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Ojú ń ti àwọn àgbà pé wọ́n ti dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lúmi ní iṣẹ́ ti parí, ohun tó dá Dìran dúró nílùú náà sì parí pẹ̀lú rẹ̀.

Dìran lọ dágbére. Àǹtí Ṣubúọlá kò fẹ́ kó wọlé, ṣùgbọ́n a kì í lé ẹni tó wá kí aláìsàn. Dìran dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Bàbá, mi ò béèrè ọ̀rọ̀ yẹn láti dójú tì yín. Ẹ má bínú sí mi. Mi ò ní wá yọ yín lẹ́nu mọ́."

Yẹ́misí fara ti ògiri, ó fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá na ọwọ́ òsì, ó fi kan orí Dìran. Kíá ni Àǹtí gbá ọwọ́ náà mú.

"Ọwọ́ òsì rèé. Wọn kì í fi í súre fún ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń lé e dànù ni."

Bàbá mi orí, ó mì í gan-an. Ó fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ó ń gbé e sókè. Ọwọ́ náà jábọ́ sórí ibùsùn. Ó tún un gbé, ó tún jábọ́. Yẹ́misí fẹ́ sáré lọ ràn án lọ́wọ́, ó sì dúró. Bí òun bá fọwọ́ kàn án, wọ́n á ní òun lòun súre fún ara òun. Bàbá yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ń wò ó, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

Àǹtí Ṣubúọlá tẹ̀ ba, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún tó ti kú náà, ọwọ́ tó ń wẹ̀ láràárọ̀, ó sì gbé e lé Dìran lórí. Bàbá fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ kó má bàa ṣubú. Ẹkún Dìran nìkan là ń gbọ́.

Bàbá kò rí òjò ọdún náà. Wọ́n sin ín, wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀fọ̀ rẹ̀ kọjá kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó, láìsí ariwo, ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan n'Ílọ́fà. Pásítọ̀ béèrè ẹni tó fa ọmọ náà fọ́kọ. Àwọn ènìyàn wojú ara wọn, nítorí àyè bàbá ìyàwó ṣófo.

Àǹtí Ṣubúọlá dìde nínú aṣọ dúdú tí kò tíì bọ́.

"Bàbá rẹ̀ ni," ló sọ. "Èmi ni mo bá a gbé ọwọ́ rẹ̀."